Dídákọ̀ró sí Ẹ̀gbẹ́ Ìlú Ńlá: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Fi Ọkọ̀ Onígbòkun Rìnrìn Àjò

Ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ onígbòkun gba etíkun kan kọjá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í ṣàìní ìlú kan tí ọkàn rẹ̀ máa ń fà sí. Níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ yóò dúró lórí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé gogoro, yóò sì lè fi ọkọ̀ kékeré dé ìgboro láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsan owó ibùdó ọkọ̀. Ohun tó mú irú ibẹ̀ yàtọ̀ sí kọ̀rọ̀ omi tó dákẹ́ ní eréko ni pé ní eréko, àwa àti ọkọ̀ wa la jọ máa ń wà, ṣùgbọ́n ní ìlú, ńṣe la máa ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Orí ọ̀rọ̀ kan yìí ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dá lé: kí ẹ dákọ̀ró bí ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní sí nílé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí padà.

Kí ẹ tó kọrí síbẹ̀

Ibi tí a fẹ́ràn ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí a rò pé a ti mọ̀ ọ́n tán. Òfin ìlú a máa yí padà, wọ́n a máa ri bọ́ọ̀lù ìsokọ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù ńlá tó léfòó tí a ń so ọkọ̀ mọ́, sí ibi tó ṣófo tẹ́lẹ̀, wọ́n a sì máa ti ibi tí a ti ń gúnlẹ̀ pa. Ibùdó ọkọ̀ 79th Street ní New York, tí àwọn arìnrìn-àjò orí omi ti ń yà sí láti ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n tì ní ọdún 2021 láti tún un kọ́. Ẹni tó bá gbára lé ìrántí nìkan lè dé ẹnu ọ̀nà irú ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láìní ibòmíràn tí yóò yà sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wádìí ni bóyá wọ́n gbà kí ènìyàn dákọ̀ró níbẹ̀, àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbà á fún. Ní False Creek, tó wà láàárín ìlú Vancouver lórílẹ̀-èdè Kánádà, ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà, ṣùgbọ́n ó ní gbèdéke: ọjọ́ 14 nínú ọjọ́ 30 láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án, àti ọjọ́ 21 nínú ọjọ́ 40 láàárín àwọn oṣù tó kù. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àwọn kan kò sì fi àyè sílẹ̀ rárá. Ẹ tún ka ìkìlọ̀ tí àwọn aláṣẹ èbúté máa ń gbé jáde fún àwọn atukọ̀, torí ìlú ńlá kì í ṣaláìní ìdíje ọkọ̀, iṣẹ́ afárá tàbí àríyá yínyin iná aláràbarà sójú ọ̀run tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ lé ọkọ̀ kúrò lórí omi. Bí ó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ ti ń bọ̀, ẹ ta àsíá aláwọ̀ ìyeyè, kí ẹnikẹ́ni má sì gúnlẹ̀, àyàfi ọ̀gá ọkọ̀ tó ń lọ bá àwọn aṣọ́bodè, títí tí wọn yóò fi fún yín láyè.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ afárá. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ gíga òpó ọkọ̀ yín láti ojú omi dé ṣóńṣó orí rẹ̀, kí ẹ sì ṣírò ọ̀pá rédíò àti iná tó wà lókè mọ́ ọn. Ọ̀pá rédíò nìkan lè tó mítà kan. Gíga afárá tí a kọ sórí máàpù ojú omi ni a máa ń wọ̀n láti ojú omi nígbà tí òkun bá kún, nígbà tó jẹ́ pé jíjìn omi ni a máa ń wọ̀n láti ojú omi nígbà tó bá fà. Wọ́n ṣe méjèèjì bẹ́ẹ̀ kí àṣìṣe lè jẹ́ sí ìhà ààbò. Ẹ má sì ṣe gbà pé nítorí pé afárá mẹ́wàá lẹ́sẹẹsẹ gbà yín, ìkọkànlá náà yóò gbà yín. Lójú ọ̀nà omi etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 65 ni ìwọ̀n àwọn afárá tí kì í ṣí, ṣùgbọ́n afárá Julia Tuttle ní Miami kò ju ẹsẹ̀ bàtà 56 lọ. Ní ti afárá tó máa ń ṣí, ẹ wo àsìkò rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣí ní wákàtí tí ọkọ̀ ilẹ̀ bá pọ̀ lójú títì.

Wákàtí tó yẹ kí ẹ wọlé

Ẹ má wọ ìlú ńlá ní òru bí ẹ bá lè yẹra fún un. Iná ilé, iná ojú títì àti iná ìpolówó ọjà máa ń gbé iná kékeré tó wà lára ọkọ̀ àti lára àwọn àmì ojú omi mì, débi pé ènìyàn lè sún mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tán kó tó mọ̀ pé iná rẹ̀ ló ti ń wò láti ìgbà yìí wá. Àárín ọ̀sẹ̀, ní ọ̀sán gangan, ni èmi fẹ́ràn jù. Bí ó bá di dandan kó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú tó wá ṣeré bá ti ń tú okùn wọn tí wọ́n ń lọ sílé.

Yíyan ibi tí ẹ máa dúró sí

Ẹ ká ìgbòkun kí ẹ tó wọ àárín àwọn ọkọ̀ yòókù, ẹ fi ẹ́ńjìnnì rọra yí ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan láìju ohunkóhun sílẹ̀, kí ẹ sì máa wo ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi. Kì í ṣe jíjìn ojú kan tí ìdákọ̀ró yóò bọ́ sí nìkan lẹ nílò, bí kò ṣe ti gbogbo agbo tí ọkọ̀ yóò máa yí ká. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 12, tó sì tú ẹ̀wọ̀n 40 mítà sílẹ̀, lè yí káàkiri nínú agbo tí àárín rẹ̀ jìnnà sí etí rẹ̀ ní nǹkan bí 50 mítà. Bí ibi tó gbẹ tàbí ògiri etí omi bá wà nínú agbo yẹn, ọjọ́ kan ni ọkọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ omi ìlú kì í mọ́. Àwọn wáyà iná, wáyà tẹlifóònù àti páìpù ló gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, pàápàá nítòsí afárá, máàpù ojú omi sì máa ń fi ìlà wínníwínní aláwọ̀ elése àlùkò hàn wọ́n. Àwòrán ìdákọ̀ró tí a fa ìlà dábùú túmọ̀ sí pé èèwọ̀ ni ibẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí tí máàpù mọ̀, àwọn tí kò mọ̀ tún wà: ẹ̀wọ̀n àtijọ́, táyà, irin ilé tó wó. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ìdákọ̀ró mi gbé jáde nígbà kan, ó sì ṣòro fún mi láti bínú, nítorí kẹ̀kẹ́ náà dì mí mú dáadáa fún òru mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ fi fẹ́. Àwọn kan máa ń so okùn tínrín mọ́ ẹ̀yìn ìdákọ̀ró, wọ́n á sì fi bọ́ọ̀lù kékeré sí orí rẹ̀, kí wọ́n lè fà á láti ẹ̀yìn bí ó bá há. Ọgbọ́n rere ni, ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ kéékèèké ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ tọ̀sán-tòru, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn lè wé okùn náà, kí ó sì fa ìdákọ̀ró yín tu.

Àwọn lẹ́tà tó wà lórí máàpù ni yóò sọ irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀: S fún iyanrìn, M fún ẹrẹ̀, R fún àpáta. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ló pọ̀ jù ní èbúté ìlú, ìdákọ̀ró tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ló sì máa ń di irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú jù. Ẹ fún un láyè ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó rì kí ẹ tó fà á líle.

Ẹ wá wo àwọn aládùúgbò. Ọkọ̀ onígbòkun tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rì jìn máa ń tẹ̀lé ìṣàn omi. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ga lókè omi máa ń tẹ̀lé afẹ́fẹ́. Èyí tó fi okùn dákọ̀ró máa ń rìn káàkiri ju èyí tó fi ẹ̀wọ̀n ṣe é. Èyí tó so mọ́ bọ́ọ̀lù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Nígbà tí òkun bá ń kún tàbí tó ń fà, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lòdì sí i, àwọn ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lè kọjú sí ọ̀nà mẹ́rin, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ẹ dúró láàárín àwọn tó jọ tiyín, kí ẹ sì bi ẹni tó sún mọ́ yín jù nípa iye ẹ̀wọ̀n tó tú sílẹ̀. Ẹni tó bá dé gbẹ̀yìn ni yóò ṣípò bí àyè kò bá gba ẹni méjì. Àṣà àwọn atukọ̀ níbi gbogbo nìyẹn, kò sì sí àǹfààní nínú kí a máa bá wọn jiyàn lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ìgbì tí ọkọ̀ èrò ń dá sílẹ̀. Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú wo bí wọ́n ṣe ń kọjá kí ẹ tó pinnu. Ọkọ̀ tó dábùú ìgbì yóò máa mì láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ títí ife yóò fi ṣubú nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣe tìtorí èyí ju ìdákọ̀ró kejì sílẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ níbi tí àwọn yòókù ti ń yí fàlàlà, torí ọkọ̀ tí kò yí láàárín àwọn tó ń yí ni gbogbo wọn yóò kọlù. Ó sàn kí ẹ wọnú lọ díẹ̀ sí i, bí ọ̀nà àtigúnlẹ̀ tilẹ̀ máa gùn.

Jíju ìdákọ̀ró sílẹ̀

Ìṣirò ló ṣáájú. Ẹ mú jíjìn omi bó ṣe wà lójú ẹsẹ̀, ẹ fi iye tí òkun yóò tún fi kún lé e, ẹ sì fi gíga iwájú ọkọ̀ láti ojú omi lé e pẹ̀lú. Bí ẹ bá dé nígbà tí omi fà, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, tí òkun yóò fi mítà 3 kún, tí iwájú ọkọ̀ sì ga ní mítà kan, mítà 8 ni ìṣirò yín. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, ìyẹn mítà 40, ni ẹ̀wọ̀n tó yẹ kí ẹ tú sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ okùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìlọ́po méje ló yẹ. Ẹni tó bá fi márùn-ún sọ jíjìn mítà 4 nìkan di púpọ̀ dípò mítà 8, ogún mítà ni yóò tú sílẹ̀, nígbà tí omi bá sì kún, ìlọ́po méjì àbọ̀ péré ló kù fún un, kò sì ní sí nílé láti rí i.

Àyè lè há débi pé ìlọ́po márùn-ún kò ṣeé ṣe. Àwọn mìíràn máa ń fi ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin sùn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, èmi náà ti ṣe é rí, ṣùgbọ́n mi ò kúrò nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ìyára afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, láti nọ́ọ̀tì 15 sí 30 (nọ́ọ̀tì ni a fi ń wọn ìyára lójú òkun), ìlọ́po mẹ́rin ni ẹrù tó ń já lé ìdákọ̀ró lórí.

Nísinsìnyí, ẹ kọjú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́ tàbí sí ìṣàn omi, èyíkéyìí tó bá lágbára jù, kí ẹ sì rọra lọ títí ọkọ̀ yóò fi dúró pátápátá ní ibi tí ẹ yàn. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀, kí ẹ̀wọ̀n lè nà gbọọrọ sílẹ̀ dípò kó wó jọ lé e lórí. Nígbà tí ẹ bá ti tú ìlọ́po mẹ́ta sílẹ̀, ẹ dá ẹ̀wọ̀n dúró díẹ̀ kí ìdákọ̀ró lè fi ẹnu kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tú ìyókù. Ẹ so okùn náílọ́ọ̀nù tó gùn tó mítà 6 sí 10 mọ́ ẹ̀wọ̀n, kí ẹ sì jẹ́ kí okùn náà gba ẹrù dípò ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀wọ̀n, nítorí náílọ́ọ̀nù máa ń fà, kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì bí ìgbì bá dé, ó sì ń pa ariwo ẹ̀wọ̀n mọ́.

Ẹ wá fi ẹ́ńjìnnì fà á sẹ́yìn, ní pẹ̀lẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì máa fi agbára kún un. Bí ẹ ti ń fà, ẹ wo ohun méjì tó tò léra wọn ní ẹ̀gbẹ́ yín lórí ilẹ̀, bí òpó iná àti igun ilé kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kúrò lórí ara wọn tí wọn kò padà, ìdákọ̀ró ń wọ́. Ọwọ́ tí ẹ bá fi kan ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú yóò sọ fún yín: ẹ̀wọ̀n tó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ ń fa ìdákọ̀ró kọjá lórí ilẹ̀, èyí tó le tí kò mì ti dì mú. Ẹ má tijú láti gbé e sókè kí ẹ tún un ṣe ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú gbogbo aládùúgbò.

Wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́

Ní ọ̀pọ̀ èbúté, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ ni òkun fi ń kún, tí ó sì tún fi ń fà. Ìlànà mi ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ títí tí a ó fi rí i tó yí padà pẹ̀lú omi lẹ́ẹ̀kan, nítorí ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjú sí òdìkejì ni ìdákọ̀ró máa ń tu, tó sì gbọ́dọ̀ tún ara rẹ̀ gbìn. Àwọn tí a jọ ń rìn máa ń kùn, pàápàá bí òórùn oúnjẹ bá ń ti etí omi wá. Ẹ fi àkókò náà so àwọn okùn ìgbòkun kúrò lára òpó kí wọ́n má baà máa lù ú lóru, kí ẹ sì ṣètò agogo ìdákọ̀ró lórí ẹ̀rọ GPS, èyí tó máa ń dún bí ọkọ̀ bá kọjá agbo tó yẹ kó máa yí ká. Ojú ibi tí ìdákọ̀ró ti bọ́ sílẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe àárín agbo náà, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ wà nígbà tí ẹ rántí tẹ̀ ẹ́. Agogo tó wà nínú fóònù tí ẹ mú dání lọ sí ìgboro kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀. Ẹ lo ẹ̀rọ tó ń dúró sínú ọkọ̀ tó sì lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín.

Òfin àgbáyé ti ọdún 1972 lórí yíyẹra fún ìjàǹbá lójú òkun ní kí ọkọ̀ tó dákọ̀ró fi bọ́ọ̀lù dúdú kan hàn níwájú ní ọ̀sán, kí ó sì tan iná funfun kan tí a lè rí láti gbogbo ìhà ní alẹ́. Nítorí àwọn iná ìlú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, iná orí òpó nìkan kì í tó. Mo máa ń fi iná kékeré mìíràn kọ́ sí ìsàlẹ̀, ní ibi tí ojú ẹni tó ń wa ọkọ̀ kékeré yóò bá a pàdé.

Ọkọ̀ kékeré àti ọ̀nà àtigúnlẹ̀

Ohun tí wọ́n máa ń jí jù ní èbúté ìlú ni ọkọ̀ kékeré àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wáyà irin ni kí ẹ fi dè é, kí ó gba inú ọkọ̀, táńkì epo àti ẹ́ńjìnnì kọjá, kí ẹ sì ti àgádágodo rẹ̀ mọ́ ohun tí a kò lè tú pẹ̀lú sípánà. Ní alẹ́, ẹ fi okùn tó ń gbé ìgbòkun sókè fà á kúrò lórí omi sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá. Kì í ṣe olè nìkan lèyí wà fún, nítorí ìgbì ọkọ̀ èrò máa ń gbá a mọ́ ara ọkọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Níbi ìgúnlẹ̀, ẹ so ó pẹ̀lú okùn gígùn kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí àyè wọlé, kí ẹ má sì gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè sí ibi tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yóò ti ya ọkọ̀ rọ́bà ẹlòmíràn. Bí ibi ìgúnlẹ̀ náà kò bá léfòó, ẹ ronú lórí ìkún àti ìfà omi dáadáa. Mo fi ọkọ̀ kékeré mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú rẹ̀ kan nígbà tí omi fà. Bí òkun ṣe ń kún, ó wọ abẹ́ pákó, pákó sì tẹ̀ ẹ́ rì. Nígbà tí mo fi dé, orí ẹ́ńjìnnì ni mò ń wò nínú omi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ju ìdákọ̀ró kékeré kan láti ìdí rẹ̀, kó lè fà á jìnnà sí abẹ́ pákó.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀, àjẹ̀ méjì àti aṣọ ìléfòó dání bí ọ̀nà tilẹ̀ kúrú, kí ẹ sì fi okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì kọ́ ọwọ́. Alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ àti ọtí, ni ewu máa ń wà níbi ìrìn kékeré yìí.

Fífi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ

Kí ẹ tó kúrò, ẹ ti àwọn fáàfù tó ń gba omi òkun wọlé, ẹ rí i pé pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ sì tan iná ìdákọ̀ró bí ó bá ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ṣú bá yín lókè. Ẹ kó ohun tó níye lórí kúrò níbi tí ojú lè rí i láti ojú fèrèsé. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí bébà gàgàrà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú gíláàsì níbi tí aládùúgbò ti lè kà á, kí ẹ sì sọ fún ọ̀kan nínú wọn ibi tí kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì wà bí ọkàn yín bá balẹ̀ sí i. Kò sí ẹ̀rọ tó tó aládùúgbò tó mọ bí a ṣe ń tú ẹ̀wọ̀n díẹ̀ sí i.

Ẹ má da ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú omi èbúté. Táńkì ni kí ẹ fi gbà á, kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n ti ń fà á. Ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun pàápàá kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí epo tó wà lójú omi ìlú yóò ba awọ inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ pọn omi kún kí ẹ tó dé, tàbí kí ẹ fi kẹ́ẹ̀gì gbé e láti orí ilẹ̀.

Títú kúrò

Ẹ fi wákàtí kan kún àkókò tí ẹ rò pé yóò gbà, torí ẹrẹ̀ dúdú ìlú kì í tètè jọ̀wọ́ ohun tó bá gbé mì. Ẹ fa ẹ̀wọ̀n títí yóò fi dúró ṣánṣán, ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìgbì fúnra rẹ̀ máa mi ìdákọ̀ró tu. Ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀wọ̀n bó ṣe ń wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òórùn rẹ̀ yóò bá yín dé ìlú kejì.

Bí ó bá há, ẹ tú ẹ̀wọ̀n díẹ̀ padà, kí ẹ sì fà á láti òdìkejì ibi tó ti wọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ló gbé sókè, ẹ ki okùn kan sábẹ́ ẹ̀wọ̀n náà, ẹ so ó mọ́ ọkọ̀, ẹ sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ díẹ̀ kó bọ́ lára rẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ okùn náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fura pé wáyà iná ni, ẹ má fà á mọ́, ẹ má sì gé ohunkóhun lára rẹ̀. Ẹ so bọ́ọ̀lù mọ́ òpin ẹ̀wọ̀n tiyín, ẹ jù ú sílẹ̀, kí ẹ sì fi rédíò sọ fún àwọn aláṣẹ èbúté. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí okùn lásán, tó gùn débi pé ó lè yọ sí òkè, jẹ́ ohun tó so òpin ẹ̀wọ̀n mọ́ inú ọkọ̀, kí ọ̀bẹ kan lè gé e ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ lọ wò ó nísinsìnyí bóyá irin ni wọ́n fi so tiyín.